Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Késì

Ìyá Síkírá ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń jẹ́rìí tí kò dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, olè ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí Ọlọ́run ń ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ lónìí, èmi kò sí nínú yàrá náà. Wọ́n ti ní kí n bọ́ síta. Orí bẹ́ǹṣì kan ni mo jókòó sí. Obìnrin náà ló wà nínú, òun ló jáde wá sọ bó ṣe lọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi í, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sọ ọ́ bákan náà.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ mi pọ̀, ẹ bá mi gbé e. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó tọrọ, òun ni mo dìde láti yìn láàárọ̀ yìí. Halelúyà!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Simọ́ọ̀nù káfíńtà, tí àtẹ́líè rẹ̀, ìyẹn ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ igi, wà lójú ọ̀nà Daagbé. Ọwọ́ bàbá mi tó ti lọ ni mo ti jogún àtẹ́líè náà. Bí mo ṣe jogún ayùn àti òòlù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo jogún Bàbá Síkírá. Òun rèé tó jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ará Tchaada ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọpẹ́ yìí kò ní ṣẹ̀yìn àwọn. Ẹ kí wọn káàbọ̀ fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Bàbá Síkírá nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ọdún náà ni wọ́n bí mi. Èjìká rẹ̀ ni mo gùn kí n tó lè rìn. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é nígbà náà. Ó gbéyàwó, wọ́n wá ọmọ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé kò ní sí. Nígbà tí Ọlọ́run fún wọn ní Síkírá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n di Bàbá Síkírá lẹ́nu gbogbo ìlú. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé tí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n yìn ín lójú ara rẹ̀. Mi ò tíì rí oníṣẹ́ igi bíi tirẹ̀. Ó lè fimú gbóòórùn pákó kó sọ fún yín pé igi yìí kò tíì gbẹ nínú, ẹ jẹ́ kó ṣe oṣù kan sí i. Bó bá so ẹsẹ̀ àga mọ́ra, kò ní kan ìṣó kankan, ẹ ó sì jókòó lé e títí, kò ní mì. Àwọn bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ yín ń jókòó lé ní ilé ìwé ìjọba láti ibí dé Lagbé, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Bẹ́ǹṣì ilé ìwé yìí gan-an ló fa ọ̀rọ̀. Nígbà tí Rèfólúsíọ̀nù dé, ìyẹn ìjọba tó ní kámáráàdì ni gbogbo wa, tí ìjọba ní ká wá máa ṣe bẹ́ǹṣì fún àwọn, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wa sí késì ní Àjàṣẹ́. Késì yìí ló ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Tí òṣìṣẹ́ bá gba owó oṣù, a ó yọ díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èmi pàtíróònù, ọ̀gá iṣẹ́, a fi tèmi lé e, a ó kó o lọ fún wọn, kí òṣìṣẹ́ náà lè rí nǹkan máa jẹ nígbà tí apá rẹ̀ ò bá lè gbé ayùn mọ́. Bí ọdún bá parí, màá tún kọ gbogbo ohun tí mo san yìí sínú ìwé tí mò ń mú lọ sí ilé ẹ́ńpò, ìyẹn ilé owó orí, torí pé ìjọba kì í gba owó orí lórí ohun tí a fi pamọ́ fún ogbó òṣìṣẹ́. Ètò tó dáa ni. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìwé tí wọ́n fún mi ní ojú ìlà méjì. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ìdílé sí ọ̀kan, kí n kọ orúkọ ènìyàn sí èkejì. Mo kọ tàwọn yòókù láìlàágùn. Ó wá ku Bàbá Síkírá.

Ẹ̀yin ará, mi ò pe ọkùnrin náà lórúkọ rí láyé mi. Àfi bíi pé mo ti gbọ́ ọ níbìkan rí, ó sì ti bọ́ sọnù lórí mi. Mo dìde, mo lọ bá a. Ó jókòó lórí ìtì igi, ó ń pọ́n ayùn. Mo ya ẹnu. Ẹni tó gbé mi gun èjìká, kí n wá dúró lé e lórí kí n ní, "Ẹ dákun, kí lorúkọ yín?" Bí ìgbà tí mo bá sọ pé n kò mọ̀ ọ́n rí ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ní, "Òo. Ṣé o ń wá nǹkan ni?"

Mo ní rárá. Mo padà sídìí tábìlì mi. Mo kọ BABA sí ojú ìlà àkọ́kọ́, mo kọ SIKIRATOU sí ìkejì.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rín in. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sí ìwé késì àti ìwé ẹ́ńpò, láìsí ẹni tó sọ pé kí lo ń kọ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ orí Bàbá Síkírá tó ìfẹ̀yìntì. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún, kò lè na apá náà sókè mọ́. Ó wọ agbádá funfun, mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù mi, ó di Àjàṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lójú fèrèsé késì gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó wo ìwé títí.

Ó ní, "Kámáráàdì Pàtíróònù, ẹni yìí kò sí. Òṣìṣẹ́ yín kan ló kù tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ níbí, obìnrin ni. Mádàámù BABA Sikiratou. Òun dà?"

Mo tọ́ka sí Bàbá Síkírá. Mo ní, "Òun rèé."

Ó wo irùngbọ̀n bàbá náà. Ó wo èmi. Ó ní, "Kámáráàdì, mo níṣẹ́ láti ṣe o."

Kò bú wa. Ó kàn ní àwọn kò lè fọwọ́ kan orúkọ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, àfi tí ilé ẹ́ńpò, níbi tí mo ti kọ orúkọ kan náà, bá kọ̀wé pé lóòótọ́ ni ẹni náà wà láyé. A lọ sí ilé ẹ́ńpò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n mú wa lọ bá jẹ́ ará àríwá, ó ga, awò ojú rẹ̀ nípọn, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ṣí fáìlì mi. Ó ka orúkọ náà jáde, ó tún un kà. Ó ní mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó ní àwọn pàtíróònù bíi tèmi, wọn a dá òṣìṣẹ́ tí kò sí láyé sílẹ̀, wọn a ní àwọn ń sanwó ìfẹ̀yìntì fún un, kí owó orí wọn lè kéré. Ó ní bàbá arúgbó kan ni mo wá lọ háyà láti wá dúró sí àyè obìnrin.

Mo ní, "Ọ̀gá, gbogbo Ìfọ̀nyìn, ìlú wa, ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Síkírá."

Ó ní, "Ìfọ̀nyìn wo? Ifangni ni mo rí nínú ìwé mi. Kò sí Bàbá nínú Rèfólúsíọ̀nù. Kámáráàdì ni gbogbo wa."

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí n mú ẹnì kan wá láti ilé bàbá yìí, ẹni tí kò bá mi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìwé tí ó ti pẹ́, tí kì í ṣe èyí tí a ṣe lánàá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fi èdídì ti àtẹ́líè mi. Ọdún mọ́kànlá Bàbá Síkírá náà, òun á fa igi lé e lórí, yóò dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ gbọ́ mi. Àtẹ́líè tí wọ́n bá tì, a lè ṣí i padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí èjìká rẹ̀ ti kú, níbo ni yóò ti rí ọdún mọ́kànlá míì?

A padà sílé. Ìgbà tá a dé ìsàlẹ̀ igi ọsàn tó wà níwájú àtẹ́líè ni mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìràwé tó wà nílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ó yẹ kí n ti bi yín."

Ó ní, "Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí. Ká ní o bi mí, ǹ bá ti fi igi lù ẹ́."

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá."

Ó ní, "Ṣó o rí i? Kí wá ni ẹ̀bi rẹ níbẹ̀?"

Irú ọkùnrin tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹlòmíì á ti máa gbé mi ṣépè kiri ọjà.

Mo gbààwẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ mọ̀, wọ́n bá mi fi orí kanlẹ̀ níbí yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Fún ọjọ́ mẹ́rin, àtẹ́líè ni mò ń gbàdúrà lé lórí. Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n tì í. Olúwa, rántí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mi ò dárúkọ Bàbá Síkírá lẹ́ẹ̀kan. Àbí orúkọ wo ni n bá tiẹ̀ dá?

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Síkírá wá sí àtẹ́líè. Epo pupa ló ń tà, ẹ mọ̀ ọ́n, kò ga, kì í sì í pariwo. Ó ní, "Pàtíróònù, wọ́n ní ẹ ń wá ẹni tó máa lọ. Èmi máa lọ."

Mo ní, "Màmá, wọ́n máa ní kí ẹ dárúkọ ọkọ yín o. Ẹ lè pè é?"

Ó wò mí bíi pé mo ní kó bọ́ aṣọ sáàárín ọjà. Ó ní, "Ọ̀la la ń lọ?"

Nígbà tá a dé bírò, ìyẹn ọ́fíìsì ọ̀gá náà, lọ́jọ́ kejì, ó ní kí èmi àti Bàbá Síkírá bọ́ síta, ká má baà fi ojú kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Bí mo ṣe dé orí bẹ́ǹṣì nìyẹn. Bàbá Síkírá yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń fà á. Èmi pa ojú dé, mò ń gbàdúrà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá pé kàn mí lórúnkún. Ó ní, "Simọ́ọ̀nù, máa gba tìrẹ, kí n máa gba tèmi. Ọlọ́run ò dití."

Ìgbà yẹn ni àdúrà mi yí. Mo gbàgbé àtẹ́líè. Mo ní, Olúwa, ìwọ tó mọ ọkùnrin yìí kí ó tó jẹ́ Bàbá ẹnikẹ́ni, pè é lórúkọ rẹ̀ lónìí, torí mi ò mọ̀ ọ́n pè. Kò ju ìyẹn lọ. Mo ń tún un sọ ṣáá ni.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá nìyí, bí Ìyá Síkírá ṣe sọ ọ́.

Ọ̀gá náà kí i ní ìkíni Rèfólúsíọ̀nù, tó túmọ̀ sí pé ayé ti yí padà, ó ní, "Ẹ̀húzù!"

Ìyá Síkírá dáhùn, "Dàǹdàǹ! Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí lorúkọ ọkọ rẹ?"

"Bàbá Síkírá."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo bèèrè."

"Ọkọ mi ni. Mi ò kì í pè é lórúkọ."

"Ìyá, bírò ìjọba rèé o."

"Mo rí i pé bírò ni. Ṣùgbọ́n mo ní ilé tí mò ń padà sí."

Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní òun ti sọ fún pàtíróònù pé kò sí bàbá, kò sí ìyá, kámáráàdì ni gbogbo wa.

Ìyá Síkírá ní, "Ó dáa, kámáráàdì. Ẹ má bínú, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Ìyàwó yín nílé, ṣé kámáráàdì ló ń pè yín?"

Obìnrin tó ń tẹ̀wé ní igun yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú wò ó, obìnrin náà padà sídìí ìwé tó ń tẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ó ní, "Ará Kétu ni ìyàwó mi."

"Ẹ̀hẹ́n."

"Bàbá Rọ́bẹ́ẹ̀tì ló ń pè mí."

"Ṣé Rọ́bẹ́ẹ̀tì ló wà lórí káàdì yín?"

Ọ̀gá gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú. Ni Ìyá Síkírá bá tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé kan tó fi ọ̀rá wé jáde. Ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ tó bí i, tó ti pọ́n létí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó ní, "Orúkọ tí ẹ ń wá wà nínú rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Ẹ̀yin ẹ kà á."

Ọ̀gá kà á sókè. Orúkọ ọmọ: Sikiratou. Orúkọ bàbá... Bàbá, ẹ dákun, mo fẹ́ dá a báyìí o, ẹ fún mi láyè. Orúkọ bàbá: Yessoufou Raïmi, oníṣẹ́ igi. Obìnrin tó ń tẹ̀wé sọ fún mi nígbà tó yá pé bí ọ̀gá ṣe ka orúkọ náà, Ìyá Síkírá kúnlẹ̀ díẹ̀, bíi pé ẹni tó ni ín ló wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ìyẹn fún mi. Bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é.

Ọ̀gá gbé káàdì Bàbá Síkírá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Orúkọ náà bára mu, iṣẹ́ bára mu. Ìyá Síkírá rò pé ó ti parí. Àfi bí ọ̀gá ṣe tún gbójú sókè.

Ó ní, "Ó dáa. Sikiratou wà láyé lóòótọ́. Ọmọ yín ni. A jẹ́ pé òun ni òṣìṣẹ́ tí pàtíróònù kọ, òun ló ni owó, kì í ṣe bàbá rẹ̀."

Yéè! Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti ṣubú. Obìnrin yìí kò ṣubú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ọjọ́ tí mo bí i. Kí ẹ wá wo ọjọ́ tí pàtíróònù kọ́kọ́ kọ orúkọ yẹn fún yín."

Ọ̀gá wò ó. Ó fi ìka kà á.

"Ọmọ ọdún méje," ni Ìyá Síkírá wí. "Ọdún yẹn ni eyín iwájú rẹ̀ yọ méjèèjì. Kò lè jẹ àgbàdo. Ṣé òun ló ń gbé pákó ìrókò?"

Lórí bẹ́ǹṣì níta, a gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọkùnrin ni. Tẹ̀sùbáà Bàbá Síkírá dúró. A wo ara wa. Ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló yọjú, omi ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Síkírá, ẹ wọlé."

Ẹ ò gbọ́ bó ṣe pè é? Ẹ pariwo halelúyà fún mi!

Ó kọ lẹ́tà náà, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ó bá mi wí, ó tọ́ sí mi, ó bu owó ìtanràn lé mi lórí pé mo kọ ohun tí n kò wádìí, mo sì san án tayọ̀tayọ̀. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n tún gbogbo ìwé ọdún mọ́kànlá náà kọ. Ìwé mẹ́rin ni lọ́dún kan, ti késì àti ti ẹ́ńpò. Mo mú kálàmù, ọwọ́ mi kò lọ. Bàbá Síkírá dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Kọ ọ́, ọmọ. Mo fún ẹ láyè." Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógójì ni mo kọ orúkọ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, mo ń sọ "ẹ forí jì mí" lábẹ́lẹ̀ títí ó fi parí.

Oṣù tó kọjá ni késì pè é kó wá gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ojú fèrèsé pariwo, "Kámáráàdì Yessoufou Raïmi!" Bàbá Síkírá jókòó, ó ń wo àwọn ènìyàn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Síkírá yíjú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Síkírá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde. Wọ́n ń pe èèyàn yín."

Ó dìde, ó gbà á. Àtẹ́líè mi ṣì ń ṣí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo wá dúpẹ́ lé lórí. Mo dúpẹ́ nítorí obìnrin tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí nínú, tó gba ọkọ rẹ̀ là láìba ẹnu ara rẹ̀ jẹ́, tó sì gba èmi náà là mọ́ ọn. Mo dúpẹ́ nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, tó gbé mi dìde nínú ìdọ̀tí kó tó ronú ara rẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá wọn yọ̀, ẹ fi ògo fún Ọlọ́run tó mọ gbogbo wa ní ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ tó jókòó tó ń gbọ́ mi yìí, ẹni tó ti ń bá ọ ṣe làálàá láti ọjọ́ yìí, tó ń fi agbára rẹ̀ gbé ilé rẹ ró, tí wọ́n bá bi ọ́ lọ́la, ṣé o mọ orúkọ rẹ̀?